Àlejò Pọ̀ ju Onílé Lọ: Iṣẹ́ àti Ìrìn Òpin Ọ̀sẹ̀ Mi ní Ṣáínà

Láti ọdún 2018 tí mo ti padà sí Ìlú Ọba, ìbéèrè kan kì í yéé tẹ̀lé mi. Mo ń gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n tiẹ̀ bi mí níbi òkú màmá ọ̀rẹ́ mi kan: "Ẹńjinníà, báwo ni nǹkan ṣe rí ní Ṣáínà gan-an?" Ẹlòmíràn ń béèrè torí pé ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì, ilé iṣẹ́ kan sì fẹ́ rán an lọ sọ́hùn-ún. Ẹlòmíràn, torí ọjà tó fẹ́ lọ rà ni. Níbi tí ìlù bá ti ń dún, èèyàn kì í lè ṣàlàyé tán. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ síbí.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Dongguan, láti 2015 sí 2018. Ìpínlẹ̀ Guangdong, ní gúúsù Ṣáínà, ni ìlú náà wà, láàrin Guangzhou àti Shenzhen. Ẹ lè má tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí nǹkan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ wà nínú ilé yín: bàtà, aṣọ, àga, ohun ìṣeré ọmọdé, ẹ̀yà ara fóònù. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa yẹ àwọn irin tí ilé iṣẹ́ wa ní Ìlú Ọba ń rà níbẹ̀ wò, kí wọ́n tó kó wọn sínú kọ̀ǹténà. Bí ihò kan bá fi bíńtín tóbi jù, èmi ni mo máa sọ pé kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ tó ń jẹ́ kí èèyàn tètè lọ́rẹ̀ẹ́.

Ìwé ló ṣáájú

Kéèyàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìwé ló ṣáájú. Físà iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní Z. Ìyẹn kàn máa gbé èèyàn wọ̀lú ni. Láàrin ọgbọ̀n ọjọ́ tó bá dé, ó gbọ́dọ̀ lọ tọrọ ìwé ìgbélùú lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, láàrin wákàtí 24 tó bá kọ́kọ́ dé, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọlọ́pàá mọ ibi tó ń sùn. Bó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì, àwọn ni wọ́n á bá a ṣe é. Bó bá sùn sílé ọ̀rẹ́, òun tàbí onílé ló máa lọ fi orúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọmọ ìyá òun ni òun wá kí, pé kò kan ọlọ́pàá, owó ìtanràn lè máa dúró dè é. Pásípọ́ọ̀tù mi kì í kúrò lápò mi, bíi ti ẹni tó so oǹdè mọ́ra.

Lẹ́yìn ìwé, ó kan owó. Nígbà tí mo dé, owó bébà la ṣì fi ń ra ẹ̀fọ́ lọ́jà. Kí n tó kúrò níbẹ̀, ìyá tó ń ta ànàmọ́ sísun lẹ́bàá ọ̀nà ti gbé bébà kékeré kan kọ́ sára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó kún fún àmì dúdú dúdú. Fóònù la máa nà sí i, owó á sì bọ́ sọ́wọ́ ìyá. WeChat àti Alipay ni gbogbo ìlú ń lò. Nígbà náà, ẹni tí kò bá ní àkáǹtì ní báńkì ibẹ̀ máa jìyà díẹ̀. Lónìí, àlejò lè so káàdì Visa tàbí Mastercard rẹ̀ mọ́ ọn, nǹkan sì ti rọrùn ju tìgbà tiwa lọ.

Nínú ilé iṣẹ́

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la ń wọlé. Olúkúlùkù ló ní ike tàbí fíláásì omi gbígbóná tirẹ̀, tí ewé tíì ń léfòó nínú rẹ̀. Omi tútù kò sí nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n gbà pé ó ń da inú rú. Ní aago méjìlá, ẹ̀rọ á dákẹ́, a ó lọ jẹ ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ àti ẹran díẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n á paná, oníkálukú á gbé orí lé tábìlì, oorun dé. Ọ̀gá pátápátá náà ń sùn! Ẹni tó bá tan ẹ̀rọ kí wọ́n tó jí, ó ti wá ìjà.

Ní ti èdè, ẹ jẹ́ kí n fọ́nnu díẹ̀. Àwọn òyìnbó tá a jọ lọ jìyà èdè yẹn gan-an. Mandarin ní ohùn mẹ́rin, àti ọ̀kan tí wọ́n máa ń pè fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó ti mọ̀ láti kékeré pé igbá kì í ṣe igba, pé igba kì í ṣe ìgbà, kí ló tún kù tó máa dẹ́rù bà á níbẹ̀? "Mǎi" tó lọ sílẹ̀ kó tó gòkè ni rírà. "Mài" tó já wálẹ̀ láti òkè ni títà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa méjèèjì dà o! Nǹkan mìíràn tún wà tó máa jọ tilé lójú yín. Wọn kì í dédé pe àgbàlagbà lórúkọ. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ni "āyí", bí ẹni pé àǹtí wa. Awakọ̀ tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ ni "shīfu", ìyẹn ọ̀gá. Bí bàbá àgbà kan bá sì bi yín bóyá ẹ ti jẹun, ó ń kí yín ni, ẹ má gbé ṣíbí.

Ìkìlọ̀ kan rèé, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ní Amẹ́ríkà. Bí ará Ṣáínà bá ń wá ọ̀rọ̀ tì lẹ́nu, bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé "lámọrín, lámọrín", ohun tó máa ń sọ ni "nèige, nèige". "Ìyẹn" ló túmọ̀ sí. Létí wa, ó jọ èébú burúkú tí gbogbo aláwọ̀ dúdú mọ̀. Kì í ṣe èébú. Ẹ sọ ẹ̀ṣẹ́ kalẹ̀.

Ká má purọ́ ṣá, ojú ń rí tó. Nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á yọ fóònù, wọ́n á ya èèyàn ní fọ́tò láì tọrọ àyè. Ọmọdé á fi ìka ra apá mi, kó mọ̀ bóyá dúdú náà á ṣí. Onílé kan wà tó ti gbà lórí fóònù pé yàrá ṣófo. Ó rí mi, yàrá kún. Lọ́jọ́ tí ara mi bá le, mo máa ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ mí, mo máa ń wo ilẹ̀.

Àmọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ èdè sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ léèrè ibi tí wọ́n ti wá. Ọ̀kan ní Hunan. Ọ̀kan ní Sichuan. Òmíràn ní Guangxi, Henan, Jiangxi. Agbára káká ni mo fi rí ọmọ Dongguan gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè Cantonese tí àwọn onílé ń sọ lọ́jà. Bí mo ṣe ń nàka sí ẹja làwọn náà ń nàka. Ìkànìyàn 2020 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ìlú náà lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá, àwọn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló sì jẹ́ pé wọ́n bá iṣẹ́ wá ni.

Ìwé kan ló fà á, tí wọ́n ń pè ní "hukou". Láti 1958 ni òfin rẹ̀ ti wà. Ibi tí wọ́n kọ ìdílé èèyàn sí, ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ wà: ilé ìwé ọmọ, ìtọ́jú, owó àgbà. Ìjọba ti tú u díẹ̀díẹ̀, pàápàá láwọn ìlú kéékèèké, àmọ́ láwọn ìlú ńlá, kò rọrùn fún ẹni tó wá láti abúlé láti yí i padà. Àwọn ará abúlé tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ oko lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn ní orílẹ̀-èdè náà báyìí tó nǹkan bí 300 mílíọ̀nù. Mo ti rò pé èmi nìkan ni àlejò nínú ilé iṣẹ́ yẹn. Àṣé àlejò ló kún ibẹ̀. Tèmi kàn hàn lára ju tiwọn lọ ni.

Òpin ọ̀sẹ̀ dé

Kò sí òpin ọ̀sẹ̀ tó dájú níbẹ̀. Bí ìjọba bá fún wa ní ìsinmi gígùn, irú bíi ti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, wọ́n á tún ní ká wá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé tàbí Sọ́ńdè mìíràn láti fi dí i. Nítorí náà, tí mo bá ti rí ọjọ́ méjì tó ṣófo, mo ti gbé báàgì. Àwọn baba wa ní ká rìn jìnnà ká lè rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Ọ̀nà Guangzhou ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Láti ibùdókọ̀ Humen, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá kò ní lò tó ìdajì wákàtí tá a ó fi dé Guangzhou South. Àdúgbò Xiaobei ni mo máa ń lọ, níbi tí mo ti ń rí ẹ̀bà àti ọbẹ̀ tó lórúkọ, tí mo sì ń gbọ́ èdè Faransé, Lárúbáwá àti Bàmbárà lójú ọ̀nà kan náà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà ló ń tajà lápá Sanyuanli. Àwọn Ìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ mo rí àwọn tiwa náà. Ẹni tó bá gbọ́ "Ẹ káàárọ̀ sà" lójijì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń gbọ́ Mandarin, á mọ ohun tí mò ń wí. Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Guangzhou lóṣù kẹrin 2020, lásìkò àrùn kòrónà. Wọ́n lé àwọn ọmọ Áfíríkà jáde nílé àti ní òtẹ́ẹ̀lì, àwọn kan sun títì, títí àwọn aṣojú ilẹ̀ Áfíríkà fi kọ̀wé sí ìjọba Ṣáínà. Òpópónà tí mo ti jẹ ẹ̀bà ni mo ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn.

Ìrìn tó gùn díẹ̀ ni ti Guilin. Ní 2008 ni Ṣáínà ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá oní-350 kìlómítà ní wákàtí kan, láti Beijing sí Tianjin. Lónìí, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti lé ní 45,000 kìlómítà níbẹ̀. Láti Guangzhou sí Guilin, bíi wákàtí mẹ́ta ni. Nígbà tiwa, ẹ̀rọ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kò mọ pásípọ́ọ̀tù. Orí ìlà la máa ń tò, bí ìlà gùn bí kò gùn. Nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ omi gbígbóná wà, gbogbo èèyàn á sì máa se Indomie tiwọn nínú ike. Òkè Guilin kì í tò bíi ti Ìdànrè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń dá dúró, tó tínrín, tó ga, bí eyín tó hù látinú omi odò Li. Ẹni tó bá ní owó bébà 20 yuan lọ́wọ́, kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Àwòrán ibẹ̀ ni.

Lọ́nà ibẹ̀ ni òtẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ti dá mi padà lóru ọjọ́ kan nílùú kékeré, wọ́n ní àwọn kì í gba àlejò òkèèrè. Ìyá tó ń ta núdù lẹ́bàá ọ̀nà ló pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ìyẹn wá fi ọ̀kadà oníná gbé mi dé ibi tí wọ́n ti gbà mí. Kò gba owó lọ́wọ́ mi. Ní 2024, ìjọba Ṣáínà sọ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì pé wọn kò gbọdọ̀ fi irú ìdí bẹ́ẹ̀ lé àlejò mọ́. Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó lọ.

Ilé tí àwọn tó wà lókè òkun kọ́

Tí mo bá lágbára rẹ̀, gbogbo ìdílé Yorùbá tó ń gbé lẹ́yìn odi ni mi ò bá kó lọ sí Kaiping. Guangdong kan náà ló wà, a máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ. Ẹ fojú inú wo oko ìrẹsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ilé gogoro alájà mẹ́rin tàbí márùn-ún wá dá dúró láàrin rẹ̀, ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, irin sì dí i. Òkè rẹ̀ wá ní òpó àti ọnà bíi ti ààfin òyìnbó. "Diaolou" ni wọ́n ń pè é. Nǹkan bí 1,800 ló ṣì wà nílẹ̀, UNESCO sì kọ wọ́n mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2007. Èyí tó ga jù tí mo rí wà ní abúlé Jinjiangli. Alájà mẹ́sàn-án ni.

Ta ló kọ́ wọn? Àwọn ọkùnrin agbègbè náà tó lọ wá iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà àti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ni. Àwọn èèyàn agbègbè yẹn pọ̀ nínú àwọn tó la ọ̀nà rélùwéè tó so Amẹ́ríkà já láti etí òkun kan dé èkejì, èyí tó parí ní 1869. Nígbà tí iṣẹ́ tán, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ wọn mọ́. Ní 1882, Amẹ́ríkà ṣòfin pé òṣìṣẹ́ láti Ṣáínà kò gbọdọ̀ wọlé. Ní 1923, Kánádà tilẹ̀kùn tirẹ̀ pátápátá. Ó di 1943 àti 1947 kí wọ́n tó fagi lé òfin méjèèjì. Ẹ bá mi ro ó: ọkùnrin tí kò lè mú ìyàwó wá, tí kò sì rówó lọ sílé ní gbogbo ìgbà, kí ló kù fún un láti ṣe? Owó ló ń fi ránṣẹ́. Lẹ́tà àti owó ń lọ pọ̀. Àwọn olè sì mọ ilé tí owó ń wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ilé náà fi di odi, tí ihò ìbọn fi wà lára ògiri. Ó tún ń gbà wọ́n lọ́wọ́ omíyalé.

Mo wọ inú ọ̀kan. Ibùsùn wà níbẹ̀, dígí wà níbẹ̀, fọ́tò bàbá tó wọ kóòtù àti táì wà lára ògiri. Èèyàn kò sí. Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn ọmọ bá bàbá lọ sókè òkun, wọn ò sì padà. Obìnrin tó ń mú wa káàkiri sọ pé ìdílé kan máa ń wá wo tiwọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé wọ́n máa ń ya fọ́tò. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo rántí àwọn ilé kan nílùú wa, tó jẹ́ pé maigádì àti ajá nìkan ló ń sùn nínú wọn. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn.

Ọmọ tó sá fún bàbá rẹ̀

Lóṣù kẹrin 2017, ọ̀rẹ́ mi kan nílé iṣẹ́, tó ń bójú tó ẹ̀rọ tá a fi ń gé irin, mú mi lọ sí abúlé rẹ̀ ní Hunan. Àsìkò Qingming ni, nígbà tí gbogbo èèyàn ń lọ tún ojú oórì àwọn òbí wọn ṣe. Rélùwéè gbé wa dé Changsha, a wọ bọ́ọ̀sì, a tún gun ọ̀kadà. Ìyá rẹ̀ ti se oúnjẹ sílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ará Hunan ń jẹ ata! Mo jẹ, mo làágùn, ìyá náà ń pàtẹ́wọ́.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló ń gbé. Bàbá àti ìyá rẹ̀ wà ní Dongguan. Ìgbà ọdún tuntun ni wọ́n ń rí i, lásìkò tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń rọ́ lọ sílé fún ogójì ọjọ́. Ìyá àgbà ní kó wá kí bàbá rẹ̀. Ọmọ náà wo èmi, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì sá sẹ́yìn ìyá àgbà. Kò mọ èyí tó yẹ kó bẹ̀rù jù nínú àwa méjèèjì.

Lóru ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé òun ti wá ilé ìwé fún un ní Dongguan. Ìwé tí wọ́n ń béèrè pọ̀, àti pé lọ́jọ́ iwájú, ìdánwò yunifásítì, ibi tí hukou ọmọ bá wà ni ọ̀pọ̀ wọn ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Ó ní òun ń kọ́lé fún un ṣá. Mo ti rí ilé náà. Alájà mẹ́ta, a ò tíì kùn ún.

Nígbà tí àdéhùn iṣẹ́ mi fẹ́ẹ́ parí, wọ́n fẹ́ kí n fi ọdún mẹ́ta kún un, wọ́n sì fowó lé e. Ìyàwó àti àwọn ọmọ mi wà ní Ìlú Ọba. Wákàtí méje ni aago wa fi yàtọ̀ nígbà ooru, mẹ́jọ nígbà òtútù. Bí wọ́n bá ń ti ilé ìwé bọ̀, ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ tèmi tipẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì wọkọ̀ òfuurufú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ọgbọ́n wà níbẹ̀, àwọn èèyàn rere pọ̀ níbẹ̀. Kó gba físà iṣẹ́ gidi, kó má fi físà ìbẹ̀wò ṣiṣẹ́. Kó kọ́ ohùn èdè náà kó tó kọ́ ìwé rẹ̀. Kó má ṣe fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ sùn sílé. Kó wọ rélùwéè, kó rí ibi tí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti wá. Àmọ́ bó bá ti níyàwó tàbí lọ́mọ, kí wọ́n kọ iye ọdún tó máa lò sílẹ̀ kó tó gbéra, kí ẹni méjèèjì mọ̀ ọ́n. Owó á máa dé láti òkèèrè. Ẹ rí i pé ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ náà ń dé.